Àkọ̀ Tí Kò Gbàgbé Ọ̀bẹ Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí èmi àti ẹ̀yin sí títí ọyẹ́ ọdún yìí fi bá wa láyé, tí ètè wa gbẹ ṣùgbọ́n tí ìyìn Rẹ̀ kò gbẹ lẹ́nu wa. Ìtàn tí mo gbé wá yìí kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín. Síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rìn ín dé òpin.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, Mọ́nsúrátù gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà lọ sí yàrá iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Ayétòrò. Inú yàrá onípáànù yẹn ni Bàbá Ọdẹkúnlé, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, ti ń rọ ọ̀bẹ, tí Mọ́nsúrátù náà sì ti ń rán awọ. Sípíríǹgì tírélà tó bá kán lójú ọ̀nà Ìbèsè ni Bàbá fi ń rọ ọ̀bẹ. Mọ́nsúrátù a máa rán àkọ̀ ọ̀bẹ, bẹ́líìtì àti àpò. Àwọn ọdẹ, àwọn alápatà àti àwọn àgbẹ̀ láti Ìlaró títí dé Owódé ló mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé ni Bàbá kò ti bá Mọ́nsúrátù sọ̀rọ̀. Oúnjẹ yẹn ló fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rí Bàbá tó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ọ̀bẹ tí Mọ́nsúrátù fi ń gé awọ ló wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ilẹ̀. Àwo ẹ̀kọ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó fọ́.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Sájẹ́ǹtì Lukman ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ohun mẹ́ta ni ó ní òun rí. Ọ̀bẹ tó pa Bàbá, ti Mọ́nsúrátù ni. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ìjà wọn lọ́jọ́ Ajé. Ìkẹta, èékánná obìnrin náà pupa. Àwọn ẹbí kò tilẹ̀ dúró gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n kó ẹní, aṣọ àti awọ rẹ̀ dà síta, ẹnì kan sì ti gbé kẹrosíìnì dé kí àwọn àgbà tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ẹtì, kóòtù Ìlaró ni yóò lọ, kò sì ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́ láyé. Opó ni, kò sì ní ilé mìíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìnspẹ́kítọ̀ Ìdùnnúolúwa dé láti Ìlaró. Obìnrin kúkúrú ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yá, ojú rẹ̀ sì kì í fo nǹkan kan. Bó bá ń wo nǹkan, a máa fi imú kọ orin ìsìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Wọ́n ti gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì. Dókítà sì sọ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti pa á. Ìnspẹ́kítọ̀ wo ẹwìrì, ó wo owú, ó wo àwọn awọ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Àpótí ìjókòó méjì dojú kọ ara wọn, bí ìgbà tí ènìyàn méjì jọ ń sọ̀rọ̀. Ní igun yàrá, àwo ìrẹsì kan wà tí wọ́n fi ìdérí bò. Oúnjẹ náà ti gbẹ, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Lórí tábìlì ni àkọ̀ pupa kan wà, òfìfo. Ọ̀bẹ mọ́kànlá ló wà lórí pẹpẹ. Ìnspẹ́kítọ̀ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dán wọn wò nínú àkọ̀ náà. Òmíràn kò wọlé rárá, òmíràn wọlé ó ń mì. Lábẹ́ tábìlì ló ti rí ọ̀rá funfun kan tó ya; ó gbé e sí imú, ó ń rùn òrí. Ó fi àkọ̀ àti ọ̀rá sínú àpò rẹ̀, ó sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Mọ́nsúrátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sunkún mọ́. Ìnspẹ́kítọ̀ jókòó tì í.

"Màmá, kí lẹ jà lé lórí lọ́jọ́ Ajé?"

"Oúnjẹ Wisdom ni."

Ó wá ṣàlàyé. Wisdom ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun àti Oyèkúnlé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ dẹ igbó lọ́nà Ẹ̀gùá. Oyèkúnlé nìkan ló padà. Ó ní Wisdom sọ pé ayé Ayétòrò ti sú òun, òun fẹ́ gba ẹnubodè kọjá wá iṣẹ́ ṣe ní Kùtọnù. Láti ọjọ́ náà, alẹ́ kan kò lọ kí Bàbá má bu oúnjẹ ọmọ náà sílẹ̀. Bó bá di òwúrọ̀, a kó o fún adìẹ.

"Bàbá a máa sọ pé kí ọmọ ẹni kú sàn ju kí ó nù lọ," ni Mọ́nsúrátù wí. "Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Mo ní, 'Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbà pé ó ti kú, ká lè sinmi.' Bó ṣe lé mi jáde nìyẹn. Mi ò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Èékánná yín ńkọ́?"

Mọ́nsúrátù wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rín kíkorò kan yọ lẹ́nu rẹ̀. "Màdáámú, ó ti di ọdún mẹ́rìnlélógún tí èékánná mi ti pupa. Pòpórò ọkà bàbà ni a ń sè, omi rẹ̀ la fi ń kun awọ. Bó bá wọ èékánná, ọṣẹ kò ràn án. Àfi kí èékánná hù kúrò. Ẹ ní kí sájẹ́ǹtì lọ wo bẹ́líìtì tó sán sí ìdí. Èmi ni mo rán an fún un."

Sájẹ́ǹtì Lukman fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ bo bẹ́líìtì.

Ìnspẹ́kítọ̀ yọ àkọ̀ pupa náà, ó fi lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ó rí i pé ojú Mọ́nsúrátù yí padà, bí ojú ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ìdílé rẹ̀ láti kà.

"Èmi kọ́ ni mo rán eléyìí. Bàbá ló fúnra rẹ̀ rán an. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ẹ wo bí òwú ṣe wọ́." Ó yí i padà. "Ta ló wá yọ ọ̀bẹ kúrò nínú rẹ̀?"

"Ẹ ṣàlàyé fún mi, Màmá."

"A máa ń fi òrí pa ọ̀bẹ, a ó wé e ní ọ̀rá kí omi má bàa mú un dípẹtà, a ó wá fi awọ tútù mọ ọ́n lára. Ọjọ́ méjì gbáko ni ọ̀bẹ yóò fi sùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́ báyìí, kí wákàtí kan tó pé, awọ ti dì mú ìrísí ọ̀bẹ náà. Kò tún ní gba òmíràn mọ́ láyé. Ẹ wo ẹnu eléyìí, ó ṣí gbàgà. Ẹnì kan ló fipá fa ọ̀bẹ yọ nígbà tí awọ ṣì tutù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ wa kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì dì í mú ní tútù, ọwọ́ rẹ̀ yóò pupa bíi tèmi."

Ó ti àtàǹpàkò bọ inú àkọ̀ náà. Ó tún tì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn.

"Ó pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni wọ́n pọ́n." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni Bàbá rọ irú rẹ̀ láyé rẹ̀, Màdáámú. Wisdom ló rọ ọ́ fún. Ó gbé e lọ sí oko ọdẹ lọ́jọ́ tí a rí i gbẹ̀yìn."

Sájẹ́ǹtì ní á jẹ́ pé Wisdom ti padà wálé, bóyá òun gan-an ló pa bàbá rẹ̀. Ìnspẹ́kítọ̀ ń wo ilẹ̀, ó ń fi imú kọrin.

"Bí Wisdom bá padà wálé," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "kí ló dé tí kò jẹ oúnjẹ rẹ̀?"

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ sí ilé Oyèkúnlé. Ọkùnrin yìí kì í dẹgbó mọ́. Ó ń ṣọ́ ọgbà tí tírélà ń sùn lọ́nà Ìbèsè, ó sì wà lára àwọn tó ń gbé igbá ọrẹ ní ìjọ tí Bàbá ń lọ. Òun ló ń sá sókè sá sódò lórí ètò ìsìnkú. Nígbà tó rí ọlọ́pàá, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò dé yàrá iṣẹ́ Bàbá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí sì ń dun òun.

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, Màdáámú. Bàbá rọ ọ̀bẹ fún gbogbo ìlú, ọ̀bẹ inú ilé rẹ̀ ló wá pa á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí obìnrin yẹn fi ẹnu dídùn tàn yín."

Ìnspẹ́kítọ̀ béèrè Wisdom. Oyèkúnlé ní ó wà láàyè. Wọ́n rí i ní Pòbẹ́, lẹ́yìn ẹnubodè, lóṣù tó kọjá, òun sì ti jíṣẹ́ náà fún Bàbá, inú Bàbá dùn.

Àṣíáwù, ìyàwó rẹ̀ tó bí Purity fún un, gbé omi tútù wá fún àlejò. Omi ń dà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gba kọ́ọ̀bù náà, ó nà án sí Ìnspẹ́kítọ̀. Èékánná àtàǹpàkò ọkùnrin náà pupa, ti ìka méjì tó tẹ̀ lé e náà pupa.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́, Bàbá Purity?"

"Ẹyìn ni mo kọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Epo pupa ni."

Ìnspẹ́kítọ̀ mu omi náà tán, ó dúpẹ́. Nígbà tí Àṣíáwù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó bi í léèrè bóyá òun náà mọ Bàbá Ọdẹkúnlé.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ṣùgbọ́n mi ò gbé nǹkan kan lọ bá a o."

"Mi ò bi yín pé ẹ gbé nǹkan lọ, Ìyá Purity," ni Ìnspẹ́kítọ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń lọ. Kò tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i. Ó mọ̀ pé ẹ̀rí ọkàn dà bí awọ: bí a bá fà á ní gbígbẹ, yóò ya, ẹ jẹ́ kó rẹ.

Ní ọ̀sán, ó pe olórí ẹbí àti Oyèkúnlé sí yàrá iṣẹ́ náà. Wọ́n mú Mọ́nsúrátù wá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó pé, Ìnspẹ́kítọ̀ ti rán Sájẹ́ǹtì Lukman sí Àṣíáwù. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ní kó sọ: pé lọ́la ni wọ́n ń gbé Mọ́nsúrátù lọ sí kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ nǹkan kan nípa ikú yìí.

Ìnspẹ́kítọ̀ gbé àkọ̀ pupa sórí tábìlì.

"Ẹni tó pa Bàbá jókòó síbí yìí," ó nawọ́ sí àpótí kejì. "Àlejò tí Bàbá ń retí ni. Ọ̀bẹ kan wà láàárín wọn nínú awọ tútù. Nígbà tó pa á tán, ó fa ọ̀bẹ náà yọ, ó fa ọ̀rá ya, ó sì fi àkọ̀ sílẹ̀, nítorí lójú tirẹ̀, awọ lásán ni. Ṣùgbọ́n awọ yìí ti dì mú ìrísí ọ̀bẹ náà. Màmá Mọ́nsúrátù ló kà á fún mi. Bó bá jẹ́ pé òun ló pa Bàbá, ohun tí ì bá kọ́kọ́ jù sínú iná nìyí."

Ó yíjú sí Oyèkúnlé. "Ọ̀bẹ Wisdom ni. Ẹ̀yin lẹ rí Wisdom gbẹ̀yìn. Ẹ ní ẹ kò débí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọ̀ ọkà bàbà sì wà lọ́wọ́ yín. Epo pupa kì í dúró lára èékánná láti ọjọ́ Àbámẹ́ta dé Ọjọ́bọ̀. Ọṣẹ ẹ̀ẹ̀kan ló ń fọ̀ ọ́."

Oyèkúnlé kò mì. Ó ní kí olórí ẹbí gbọ́ ohun tí ọlọ́pàá ń sọ. "Àkọ̀ tí kò ní ọ̀bẹ. Màdáámú, ìyẹn lẹ fẹ́ gbé lọ síwájú adájọ́? Ọ̀bẹ ọ̀hún dà?"

Olórí ẹbí mi orí. Mọ́nsúrátù wolẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ lu páànù.

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

Àṣíáwù ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì gbé ọ̀bẹ kan jáde, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo àgbọ̀nrín.

"Ìyá Purity," ni Oyèkúnlé wí. "Padà sílé."

"Mo fẹ́ ṣe yín lóore ni," ni Àṣíáwù wí fún ọkọ rẹ̀. "Inú àpótí ọdẹ yín ni mo ti rí i. Àkọ̀ rẹ̀ ti gbó, mo ní kí n lọ ṣe tuntun kí ẹ tó dé láti ibi iṣẹ́. Mo gbé e wá fún Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dì í mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó wá béèrè pé ti ta ni, mo ní ti ọkọ mi ni. Ó ní kí n lọ, pé kí ẹ̀yin fúnra yín wá gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ni mo rán yín wá síbí." Ó ń sunkún. "Inú àpótí kan náà lẹ tún dá ọ̀bẹ náà padà sí. Nígbà tí wọ́n ní Bàbá ti kú, ẹ ní bí mo bá la ẹnu, Purity kò ní ní bàbá mọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀bi wo ló wá jẹ?"

Ìnspẹ́kítọ̀ gba ọ̀bẹ náà. Ó gbé ẹnu rẹ̀ lé ẹnu àkọ̀, ó tì í. Ó wọlé wẹ́rẹ́, ó sì dúró gbọn-in.

Mọ́nsúrátù ni ó kọ́kọ́ sunkún. Oyèkúnlé jókòó sórí àpótí, àpótí kan náà tó jókòó lé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ẹtu ni mo pè é," ni ó wí. "Ọlọ́run gbọ́. Koríko ń mì, mo yìnbọn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Wisdom ni. Ẹ̀rù bà mí, mo sin ín, mo sì parọ́. Èèkù ọ̀bẹ ni mo pààrọ̀. Mo rò pé ẹni tó rọ irin kò ní mọ irin tí wọ́n bá pa èèkù rẹ̀ dà. Ó yẹ kí n jù ú sódò. Irú iṣẹ́ ọwọ́ yẹn, mi ò lè jù ú nù."

"Kí ni Bàbá sọ fún yín?"

"Kò bú mi. Kò tilẹ̀ béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó kàn ní, 'Ibo lo sin ín sí?' Ó ní kí n mú òun lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kí òun lè gbé àwo yẹn kúrò nílẹ̀. Ó wá yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń wá òwú. Mo mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́. Ọ̀bẹ awọ wà lórí tábìlì."

"Ìbọn yẹn ṣèèṣì, Oyèkúnlé," ni Ìnspẹ́kítọ̀ wí. Kò fi ọ̀wọ̀ kún orúkọ náà mọ́. "Ọ̀bẹ kò ṣèèṣì."

Sájẹ́ǹtì Lukman tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Mọ́nsúrátù, ó fi sí ọwọ́ Oyèkúnlé. Olórí ẹbí fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹní Mọ́nsúrátù padà wọlé.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó yẹ kí Mọ́nsúrátù wà ní kóòtù, òun ló wà ní igbó Ẹ̀gùá, lábẹ́ igi ahùn kan, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń gbẹ́lẹ̀. Wọ́n rí egungun, wọ́n rí bẹ́líìtì awọ pupa tí kò tíì jẹrà tán. Mọ́nsúrátù mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n sin bàbá àti ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àṣíáwù dúró lókèèrè pẹ̀lú Purity lẹ́yìn rẹ̀, kò lè sún mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Mọ́nsúrátù rìn lọ bá a, ó fà á lọ́wọ́ wá síbi sàréè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ yàrá iṣẹ́. Ó gbé àwo tó wà ní igun nílẹ̀, ó fún adìẹ ní ìrẹsì gbígbẹ inú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sì dojú rẹ̀ dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi ikú bo ikú mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ wa bá yọ̀, kí Ó fún wa ní ẹnu tí yóò tètè jẹ́wọ́. Ẹni tí ọmọ yín ti pẹ́ níta, kí Olúwa mú un padà bá yín lórí oúnjẹ rẹ̀ láàyè. Àwo yín kò ní dojú dé. Àmín.